Bí a ṣe ń ya ọwọ́ ènìyàn: ìka kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà máa ń béèrè lemọ́lemọ́: kí ló dé tí ojú àti aṣọ ẹni tí àwọn yà fi ń jọ ti ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń dà bí òòyà? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ìka ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń yà, nítorí pé ìka ni ojú kọ́kọ́ ń rí lára ọwọ́, a sì ti mọ̀ láti kékeré pé márùn-ún ni. Ẹni tí ó bá fi ìka bẹ̀rẹ̀ yóò to ọ̀pá márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa wá ohun tí yóò so wọ́n mọ́. Ètò mìíràn ni a óò tẹ̀ lé níbí: ara ọwọ́, ìyẹn láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí àwọn ìka, ni a óò kọ́kọ́ yà, àtàǹpàkò yóò tẹ̀ lé e, ìka mẹ́rin yòókù yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo kí a tó là wọ́n sọ́tọ̀, èékánná àti ìlà ara awọ ni yóò sì kẹ́yìn.

Ọwọ́ tí ẹ kò fi ń kọ̀wé ni ẹ óò máa wò yà. Ó wà lára yín nígbà gbogbo, ó sì ń ṣe ohun tí ẹ bá ní kí ó ṣe. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹni tí ń kọ́ àwòrán lè gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí pé ara ọwọ́ yín ni ẹ óò ti yẹ gbogbo ìwọ̀n tí mo bá dárúkọ wò. Níbi tí ìwọ̀n tí mo kọ àti ọwọ́ yín kò bá ti bára mu, ọwọ́ yín ni kí ẹ gbàgbọ́.

## Ohun tí ẹ nílò

- Pẹ́ńsùlù méjì: HB fún àwọn ìlà àkọ́kọ́, 2B, tí ó rọ̀ tí ó sì dúdú jù ú lọ, fún ìlà ìparí àti òjìji. Bí ẹyọ kan ni ẹ ní, HB nìkan tó láti bẹ̀rẹ̀.
- Bébà A4 tí kò ní ìlà. Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti tẹ̀wé sí lójú kan dára púpọ̀ fún ìdánrawò, nítorí pé ẹ̀rù kì í ba ni láti bà á jẹ́.
- Rọ́bà tí a fi ń pa ìlà rẹ́, àti ṣápùnà tàbí abẹ.
- Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá: fèrèsé ní ọ̀sán, tọ́ọ̀ṣì fóònù ní alẹ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ rúlà kúrò. Kò sí ìlà kankan lára ọwọ́ tí ó gún bí èyí tí rúlà ń fà, ẹni tí ó bá sì fi rúlà ya ìka yóò rí i pé ìka náà kọ̀ láti dàbí ohun tí ó lè tẹ̀.

## Ẹ wọ̀n ọwọ́ yín kí ẹ tó ya ìlà kan

Egungun 27 ni ó wà nínú ọwọ́ kan: 8 kéékèèké ní ọrùn ọwọ́, 5 nínú ara ọwọ́, àti 14 nínú àwọn ìka. Ẹ kò nílò láti mọ orúkọ ìkankan nínú wọn. Ohun tí ó kan ayàwòrán ni pé egungun mẹ́ta ni ó wà nínú ìka kọ̀ọ̀kan àyàfi àtàǹpàkò, tí ohun tí ó yọ síta lára rẹ̀ jẹ́ egungun méjì péré, àti pé egungun márùn-ún inú ara ọwọ́ ni ó jẹ́ kí apá yẹn le, kí ó sì jẹ́ odindi, nígbà tí àwọn ìka ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ gbé pẹ́ńsùlù lé ara ọwọ́ yín, ẹ fi ìka sàmì sí gígùn tí ẹ fẹ́ wọ̀n lára pẹ́ńsùlù náà, kí ẹ sì gbé ìwọ̀n náà lọ sí ibòmíràn láti fi wéra. Ohun tí ẹ óò bá pàdé nìyí:

- Ọwọ́ àti ojú. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lé àgbọ̀n, kí ẹ sì na ìka sókè sí ojú. Ṣóńṣó ìka àárín yóò dé òkè iwájú orí, nítòsí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń yà sábà máa ń kéré ju èyí lọ. (Ìwọ̀n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni mo ń sọ. Nínú ère igi ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí orí nìkan ti lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ère tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin mìíràn ni àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀ lé.)
- Ìdajì ọwọ́. Ní ẹ̀yìn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé oríkèé ìdí ìka àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú láti oríkèé náà dé ṣóńṣó ìka.
- Ìdajì ìka. Bí ẹ bá wọ̀n ìka ní ẹ̀yìn ọwọ́ láti oríkèé ìdí rẹ̀, ẹ óò rí i pé oríkèé àárín ni ó pín in sí méjì. Ègé méjì tí ó wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ègé ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá pín ìka sí ọ̀nà mẹ́ta tí ó dọ́gba ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.
- Gíga àwọn ìka. Ìka àárín ni ó ga jù. Ìfábẹ̀lá àti ìka òrùka máa ń sún mọ́ ara wọn; lọ́wọ́ ẹnì kan ìfábẹ̀lá ni ó ga díẹ̀, lọ́wọ́ ẹlòmíràn ìka òrùka ni. Ọmọńdinrín sábà máa ń dé ibi oríkèé òkè ìka òrùka.
- Àtàǹpàkò. Bí ẹ bá fà á mọ́ ìfábẹ̀lá pẹ́kípẹ́kí, ṣóńṣó rẹ̀ yóò dé nǹkan bí àárín ègé àkọ́kọ́ ìfábẹ̀lá.
- Èékánná. Ó gba nǹkan bí ìdajì ègé òkè ìka.

Ẹ má ṣe há ìwọ̀n wọ̀nyí sórí. Ẹ tún wọ̀n wọ́n lára ọwọ́ yín nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ yàwòrán, títí tí ojú yín yóò fi máa rí i fúnra rẹ̀ bí ìka kan bá ti gùn jù.

## Yíya ẹ̀yìn ọwọ́ tí ó tẹ́jú

Ẹ tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, kí ìka ya ara wọn díẹ̀. Ẹ má nà wọ́n gbọnrangandan, nítorí pé ọwọ́ tí a nà ju bí ó ti yẹ lọ máa ń rẹ ni kíákíá, kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí àwòrán yín tóbi tó ọwọ́ gan-an. Àwòrán kékeré ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ẹ kò sì ní rí ohun tí ẹ óò tún ṣe.

1. Ẹ fa ìlà kan tí ó fúyẹ́ láti ìsàlẹ̀ bébà lọ sókè, kí ó gba ibi tí ọwọ́ yín kọjú sí. Ẹ sàmì sí ibi tí ọrùn ọwọ́ yóò wà, sí ibi tí ṣóńṣó ìka àárín yóò dé, àti sí àárín àwọn méjèèjì.
2. Nínú ìdajì ìsàlẹ̀, ẹ ya ara ọwọ́ bí onígun mẹ́rin tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìlà òkè kò gbọdọ̀ tẹ́jú: apá ìfábẹ̀lá ga, apá ọmọńdinrín rẹlẹ̀.
3. Ẹ fa ìlà méjì sísàlẹ̀ fún ọrùn ọwọ́. Ó gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ara ọwọ́ lọ. Ní ẹ̀yìn ọwọ́, kókó egungun kan yọ ní apá ọmọńdinrín níbi ọrùn ọwọ́. Ẹ fi àmì kékeré sí i, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ọwọ́ dàbí ohun tí ó so mọ́ apá.
4. Ní òkè onígun mẹ́rin náà, ẹ ya ìlà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun. Ibi tí ó ga jù wà ní ìdí ìka àárín, ó sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ títí dé ìdí ọmọńdinrín. Ẹ fi àmì mẹ́rin sórí rẹ̀ fún oríkèé ìdí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
5. Ẹ ya àtàǹpàkò báyìí, kí ìka yòókù tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ya onígun mẹ́ta kan sí ẹ̀gbẹ́ ara ọwọ́, kí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́, kí ẹ wá fi ègé méjì lé e lórí.
6. Ẹ ya ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni pé aṣọ kan ni a fi wé wọn pọ̀. Ìlà òkè rẹ̀ yóò gba gbogbo ṣóńṣó ìka kọjá, yóò sì tẹ̀ ju ìlà oríkèé ìdí ìka lọ. Ẹ fi ìlà títẹ̀ mìíràn sí àárín àwọn méjèèjì fún oríkèé àárín.
7. Ẹ wá là wọ́n sí mẹ́rin. Láti orí àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà fúfúyẹ́ kan lọ sí ṣóńṣó ìka tí ó ni ín. Ọmọńdinrín tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má pín àyè náà ní ọgbọọgba.
8. Ẹ fún ìka kọ̀ọ̀kan ní ara. Ó fẹ̀ díẹ̀ níbi oríkèé, ó ń súnkì díẹ̀ láàrin oríkèé méjì, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ sí òkè. Ẹ kíyè sí ibi tí ìka méjì ti pínyà: kì í ṣe ní oríkèé ìdí ìka bí kò ṣe níwájú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé awọ so ìka pọ̀ ré kọjá oríkèé náà.
9. Èékánná àti ìlà awọ orí oríkèé ni kí ẹ fi kún un lẹ́yìn. Ìlà awọ méjì tàbí mẹ́ta tó fún oríkèé kan.
10. Ẹ gbé bébà jìnnà sí ojú, kí ẹ sì fi wé ọwọ́ yín. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi 2B tẹ àwọn ìlà tí ó tọ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ pa èyí tí ó kù rẹ́.

Ìkìlọ̀: bí ìgbésẹ̀ kejì tàbí ìkẹrin kò bá tọ́, ẹ má tẹ̀ síwájú. Kò sí bí ìka ṣe lè dára tó lórí ara ọwọ́ tí ó wọ́, àkókò tí ẹ bá sì lò lórí èékánná yóò jẹ́ kí ó nira fún yín láti pa àwòrán náà rẹ́. Ẹ tẹ̀ jẹ́jẹ́ títí dé ìgbésẹ̀ kẹjọ. Ìlà tí a tẹ̀ líle kì í parẹ́ tán.

## Àtàǹpàkò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń bàjẹ́, nítorí náà ni mo ṣe fún un ní àyè tirẹ̀. Àtàǹpàkò kì í ṣe ìka karùn-ún lórí ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ ni ó ti hù, nítòsí ọrùn ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó sì kọjú sí. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì kí ẹ wo èékánná: ti ìka mẹ́rin kọjú sí òrùlé, ti àtàǹpàkò fì sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ya èékánná àtàǹpàkò bí ẹni pé ó kọjú sí yín gan-an, gbogbo ọwọ́ náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ohun kejì ni ìdí rẹ̀. Ẹ gbé àtàǹpàkò síwá sẹ́yìn kí ẹ máa wo bí ẹran ìdí rẹ̀ ṣe ń rìn nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹran yẹn jẹ́ ara àtàǹpàkò, ẹ sì gbọdọ̀ yà á pẹ̀lú rẹ̀. Láàrin àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, awọ kan wà tí ó nà nígbà tí ọwọ́ là, tí ó sì ń ká nígbà tí ọwọ́ pa dé. Ìlà tí ó tẹ̀ sínú ni kí ẹ fi yà á. Igun ṣónṣó tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń fi síbẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò dàbí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

## Bí ẹ bá yí ọwọ́ padà: àtẹ́lẹwọ́

Ìgbésẹ̀ kan náà ni ẹ óò tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta yí padà.

Àkọ́kọ́, ìka kúrú lójú. Níwọ̀n ìgbà tí awọ ti bo apá ìsàlẹ̀ ìka, ibi tí a ti ń rí ìka láti iwájú ga ju oríkèé ìdí rẹ̀ lọ. Ní ẹ̀yìn, ìka àárín àti ara ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní iwájú, àtẹ́lẹwọ́ gùn ju ìka lọ kedere. Ẹni tí ó bá gbé ìwọ̀n ẹ̀yìn ọwọ́ wá sí iwájú yóò ya ìka gígùn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Èkejì, ẹran wà níbẹ̀. Ẹ pín àtẹ́lẹwọ́ sí òkìtì mẹ́ta: èyí tí ó tóbi jù ní ìdí àtàǹpàkò, èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní apá ọmọńdinrín, àti èyí tí ó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìka mẹ́rin. Àárín wọn jìn díẹ̀. Bí ẹ bá ti ya òkìtì mẹ́ta yìí pẹ̀lú ìlà fúfúyẹ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń wo ìlà sọ ọjọ́ iwájú máa bá tiwọn lọ. Fún ayàwòrán, ìlà wọ̀nyí jẹ́ ibi tí ọwọ́ ti ń ká. Ọ̀kan yí ìdí àtàǹpàkò ká nítorí pé ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ti ń ká wọlé. Àwọn yòókù dábùú àtẹ́lẹwọ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ìka mẹ́rin ti ń ká. Ẹ ká ọwọ́ díẹ̀ kí ẹ rí i. Ìlà mẹ́ta péré ni kí ẹ yà, kí wọ́n fúyẹ́ ju ìlà ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lọ.

## Ìka tí ó ká àti ìka tí ó kọjú sí yín

Ìka kì í tẹ̀ bí okùn. Oríkèé nìkan ni ó ti ń tẹ̀, nítorí náà ẹ ya ègé kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá kúkúrú tí ó rí roboto, kí ẹ sì yí ọ̀nà ìlà padà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìka tí ó ká ní igun. Inú rẹ̀, níbi tí ẹran ti fún pọ̀, ní ìlà rírọ̀ tí ó kún.

Èyí tí ó le jù ni ìka tí ó nà wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wò ó, nítorí pé ohun tí a mọ̀ nípa gígùn rẹ̀ ń bá ohun tí ojú rí jà. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ na apá tí ó mú pẹ́ńsùlù tán, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù wọ̀n bí ìka náà ṣe gùn tó lójú, kí ẹ sì fi wé fífẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gígùn rẹ̀ kò ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ gba ohun tí ẹ rí gbọ́.
2. Ẹ ya ègé tí ó sún mọ́ yín jù ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí òbìrìkìtì tí ó gùn díẹ̀.
3. Ẹ ya ègé tí ó tẹ̀ lé e sẹ́yìn rẹ̀, kí ti iwájú bo apá kan lára rẹ̀. Ibi tí ìlà kan ti wọ ẹ̀yìn òmíràn ni ó ń sọ fún ojú pé ọ̀kan súnmọ́, èkejì jìnnà.
4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé oríkèé ìdí ìka, kí ẹ wá so ó mọ́ ara ọwọ́.

Bí ó bá kọ̀ láti jọ ọ́, ẹ fi àwọn ìlà títẹ̀ fúfúyẹ́ yí ègé kọ̀ọ̀kan ká bí òrùka, kí ojú lè mọ ibi tí ìka náà kọjú sí.

## Ọwọ́ tí ó di ẹ̀ṣẹ́ àti ọwọ́ tí ó mú nǹkan

Fún ẹ̀ṣẹ́, ẹ ya àpótí kan ṣoṣo ṣáájú: ẹ̀yìn ọwọ́ ni òkè rẹ̀, ègé àkọ́kọ́ àwọn ìka ni iwájú rẹ̀. Oríkèé ìdí ìka àárín ni yóò yọ jù. Ẹ pín iwájú àpótí náà sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò dábùú ègé àárín ìfábẹ̀lá àti ti ìka àárín. Nígbà tí ìka mẹ́rin bá ká, wọn kì í lọ sísàlẹ̀ ní ìlà tí ó bára dọ́gba. Gbogbo wọn ń fì sí ibì kan náà nítòsí ìdí àtàǹpàkò. Ẹ ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ rí ibi tí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí. Ẹni tí ó mọ èyí nìkan yóò yọ nínú ìdajì ìṣòro ẹ̀ṣẹ́ yíyà.

Fún ọwọ́ tí ó mú ife, ọmọ odó tàbí bírò, ẹ ya ohun tí ó mú náà tán pátápátá ní ìlà fúfúyẹ́, títí kan apá tí ọwọ́ yóò bò. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá fi ọwọ́ yí i ká. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ya ọwọ́, tí ó wá ń wá bí yóò ṣe ki ọmọ odó bọ inú rẹ̀, yóò rí i pé ọmọ odó náà ti wọ́ tàbí pé ó ń gba inú ìka kọjá. Bí ọwọ́ méjì bá jọ mú ọmọ odó kan, ẹ ya èyí tí ó sún mọ́ yín jù ṣáájú.

## Ìmọ́lẹ̀, òjìji àti awọ dúdú

Ẹ má fi òjìji sí ọwọ́ tí ìrísí rẹ̀ kò tíì tọ́. Bí ó bá tọ́, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fojú dí díẹ̀ kí àwọn ohun kéékèèké lè pòórá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé apá wo ni ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ẹ fi òjìji kan ṣoṣo bo gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá mú àwọn ibi tí ó ṣókùnkùn jù wá sójú: àárín ìka méjì, abẹ́ àtàǹpàkò, àti ibi tí ọwọ́ ti kan tábìlì.

Lórí awọ dúdú, ohun kan wà tí àwọn àpẹẹrẹ tí a fi ọwọ́ òyìnbó ṣe kò lè fi hàn yín. Ẹ̀yìn ọwọ́ ṣókùnkùn, àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ààlà àwọn méjèèjì sì hàn ní ẹ̀gbẹ́ ìka. Awọ orí oríkèé sábà máa ń dúdú ju ti àyíká rẹ̀, èékánná máa ń mọ́lẹ̀ ju ìka lọ, àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́ sì máa ń ṣókùnkùn. Dídán ìmọ́lẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọwọ́ máa ń hàn ketekete. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ọwọ́ dúdú ni ẹ ń yà, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kun gbogbo rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi èékánná àti ibi dídán sílẹ̀, kí ẹ tó máa fi òjìji kún un.

Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn jù èyí ni kí ẹ yà á sórí bébà aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpòòwé ìfìwéránṣẹ́. Àwọ̀ bébà yóò dúró fún awọ, pẹ́ńsùlù yóò ṣe òjìji, ṣọ́ọ̀kì funfun yóò ṣe ibi tí ó ń dán. Irú ọgbọ́n yìí ni Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, lò ní ọdún 1508 nígbà tí ó ya ọwọ́ méjì tí ó pàdé nínú àdúrà sórí bébà aláwọ̀ búlúù. Àwòrán náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Albertina ní ìlú Vienna, ó sì rọrùn láti rí ẹ̀dà rẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo bí àwọ̀ funfun ibẹ̀ ṣe mọ níwọ̀n.

## Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ àti àtúnṣe wọn

- Gbogbo ìka gùn bákan náà. Ẹ padà sí ìlà títẹ̀ inú ìgbésẹ̀ kẹfà.
- Oríkèé àwọn ìka tò ní ìlà gbọọrọ. Ìlà oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tẹ̀. Èyí tí ó súnmọ́ òkè ni ó ń tẹ̀ jù.
- Ọwọ́ dàbí ti arúgbó nígbà tí ọmọdé ni ẹ fẹ́ yà. Ìlà awọ ti pọ̀ jù. Ọwọ́ ọmọdé kúrú, ó kún, ìdí ìka rẹ̀ fẹ̀, oríkèé ìdí ìka rẹ̀ sì máa ń jìn sínú dípò kí ó yọ síta. Ẹ pa gbogbo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ́.
- Ìka le, kò ní ẹ̀mí. Ìka tí ó wà ní ìsinmi kì í gún. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan: ìfábẹ̀lá ni ó ká níwọ̀n jù, ọmọńdinrín ni ó ká jù.
- Èékánná fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìka méjèèjì. Ẹran gbọdọ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sì pọn dandan kí ẹ fa ìlà yí gbogbo rẹ̀ ká; ìlà ìdí rẹ̀ àti òjìji díẹ̀ lábẹ́ òkè rẹ̀ tó.
- Àtàǹpàkò wà ní apá tí kò yẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń fi orí yà láìwo ọwọ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín síwájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

## Bí ọ̀nà yìí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn

Ẹ ya àlàfo. Ẹ gbé ọwọ́ sí ibi tí àlàfo wà láàrin ìka, irú bí ọwọ́ tí a fi lé ìbàdí tàbí tí a fi mú etí ife. Ẹ má ya ìka. Ẹ ya ìrísí àlàfo tí ó wà láàrin wọn. Níwọ̀n bí àlàfo kò ti ní orúkọ lọ́kàn wa, ojú ń rí i bí ó ṣe rí.

Ẹ lo dígí tàbí ọ̀rá tí ó mọ́ gaara. Ẹ gbé e dúró láàrin ojú yín àti ọwọ́ yín, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi máákà tọ ìlà ọwọ́ náà lórí rẹ̀. Ó dára fún ìka tí ó kọjú sí yín. Ohun tí ó ń kọ́ yín ni bí ọwọ́ ṣe ń kúrú lójú. Kò lè rọ́pò yíyà gan-an.

Ẹ lo fọ́tò. Ó wúlò fún ọwọ́ tí kò lè dúró pẹ́. Ẹ má gbé fóònù sún mọ́ ọwọ́ jù, nítorí pé ìka tí ó sún mọ́ kámẹ́rà yóò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ fi fóònù fà á súnmọ́.

Ẹ wo inú dígí tí a fi ń wojú bí ẹ bá fẹ́ ya ọwọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń rí i. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì inú dígí yóò jọ ọwọ́ ọ̀tún.

## Bí ẹ ṣe lè máa fi dánra wò

Àwòrán kúkúrú púpọ̀ sàn ju ẹyọ kan tí a fi gbogbo ọ̀sán ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ kẹfà: ara ọwọ́, àtàǹpàkò, àti ìka mẹ́rin tí a kò tíì là. Ẹ ya ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sí ojú bébà kan, kí ọwọ́ máa yí ipò padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kan ìka lílà, lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìka tí ó ká. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ àti ọwọ́ tí ó mú nǹkan sí ìkẹyìn.

Kí ẹ tó pe àwòrán kan ní èyí tí ó parí, ẹ yẹ èyí wò:

- Ṣé ara ọwọ́ fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ?
- Ṣé ìlà oríkèé àti ìlà ṣóńṣó ìka tẹ̀?
- Ṣé àtàǹpàkò hù láti ìsàlẹ̀, tí èékánná rẹ̀ sì fì sí ẹ̀gbẹ́?
- Ṣé ọmọńdinrín tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ?
- Ṣé ó kéré tán, ìlà kan wọ ẹ̀yìn òmíràn?

Ẹ kọ ọjọ́ sí igun bébà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì jù ú nù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya òmíràn, ẹ mú èyí tí ó ṣáájú jáde, ẹ fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ pupa yí àṣìṣe kan ṣoṣo ká lára rẹ̀, èyí tí ó burú jù, kí ẹ sì fi bébà tuntun náà tún ìyẹn nìkan ṣe.